Ìkòkò tó gbọ́dọ̀ jò: bí a ṣe ń mọ asẹ́ omi alámọ̀ ní agbègbè Ìkòròdú

Ìkòkò tí kò jò kò wúlò fún iṣẹ́ yìí. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ amọ̀kòkò ti máa ń ṣàṣìṣe lákọ̀ọ́kọ́, torí láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wọn pé ìkòkò tó bá ń jò, àpáàdì ló máa dà. Asẹ́ omi yàtọ̀: ìkòkò alámọ̀ ni, tí a gbé kọ́ sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí omi tí a bù sínú rẹ̀ lè gba ara rẹ̀ kán sísàlẹ̀. A fẹ́ kí ó jò, ṣùgbọ́n kí ó jò díẹ̀díẹ̀, kí gbogbo ara rẹ̀ sì máa jò bákan náà. Lítà 1 sí lítà 2 àbọ̀ ní wákàtí kan: láàárín ìwọ̀n yìí ni gbogbo ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà.

A po amọ̀ mọ́ sọ́dọ́ọ̀sì, ìyẹn lẹ́búlẹ́bú pákó, tàbí mọ́ èèpo ìrẹsì lílọ̀. Bí ìkòkò bá wọ iná, iná á jẹ sọ́dọ́ọ̀sì náà tán, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ á sì ṣófo. Àwọn àyè wọ̀nyí, pẹ̀lú ihò wínníwínní tó wà láàárín hóró amọ̀ fúnra rẹ̀, ni omi ń gbà kọjá. Ẹrẹ̀, ẹyin aràn, àti èyí tó pọ̀ jù nínú kòkòrò àìlèfojúrí tó ń fa onígbáméjì, ibà jẹ̀funjẹ̀fun àti ìgbẹ́ gbuuru á há sára ògiri ìkòkò, torí ọ̀nà náà há, ó sì rí wọ́gọwọ̀gọ.

Kí ẹnikẹ́ni tó náwó, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí kò lè ṣe. Kò lè mú iyọ̀ kúrò. Omi kànga etí ọ̀sà ní Àgbádárìgì tàbí Ẹ̀pẹ́ tó bá níyọ̀ nígbà tó wọ inú ìkòkò, á níyọ̀ nígbà tó bá jáde. Kò lè mú epo bẹntiróòlù kúrò, kò lè mú òjé kúrò, fáírọ́ọ̀sì sì kéré débi pé púpọ̀ nínú wọn á kọjá. Omi bọ́ọ̀hólù tó mọ́ gaara nígbà tí wọ́n fà á, tó wá pọ́n bí irin tó dógùn-ún ní wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà, irin ló wà nínú rẹ̀. Asẹ́ yìí lè mú èyí tó ti pọ́n kúrò, ṣùgbọ́n á tètè dí. A máa padà sórí ìyẹn.

Amọ̀

Ẹ wá ibi tí omi òjò ti máa ń dúró pẹ́ kó tó fà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbẹ́ kànga. Wọ́n mọ ibi tí ọkọ́ ti máa ń lẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí onílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ kò nílò àlàyé níbí. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ dúdú tó ní gbòǹgbò kúrò títí dé bí ìdajì mítà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó amọ̀.

Ẹ yẹra fún amọ̀ etí ọ̀sà gan-an. Ìkarahun wẹ́wẹ́ máa ń wà nínú rẹ̀, èyí sì ń ba ìkòkò jẹ́ lọ́nà tó ń pẹ́ kó tó hàn. Iná máa ń sọ ìkarahun di ẹfun jíjó. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ẹfun náà á fa omi láti inú afẹ́fẹ́, á wú, á sì ta ègé ìkòkò dànù. Ẹ ó rí ojú funfun bíńtín kan nídìí ihò tó ta. Láti mọ̀ ṣáájú, ẹ gún amọ̀ gbígbẹ díẹ̀, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i lórí. Bí ó bá hó, ẹ wá amọ̀ mìíràn.

Ìdánwò mẹ́ta ló kù. Ẹ yí amọ̀ tútù bí okùn tó nípọn tó gègé ìkọ̀wé, kí ẹ wé e mọ́ ìka. Bí ó bá là yánnayànna, iyanrìn pọ̀ jù. Èkejì, ẹ bu amọ̀ lílọ̀ dé ìdá mẹ́ta ike tó mọ́ gaara, ẹ fi omi kún un, ẹ gbọ̀n ọ́n, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Iyanrìn á wà nísàlẹ̀. Bí ó bá ju ìdá mẹ́ta gbogbo ohun tó rọ̀ sílẹ̀ lọ, amọ̀ náà kò lágbára tó. Ẹ̀kẹta ni ẹ má ṣe fò: ẹ ṣe ọ̀pá amọ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ fi ọ̀bẹ fa ìlà tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10 gééré sórí rẹ̀. Lẹ́yìn tó bá gbẹ tí ẹ sì sun ún, ẹ tún un wọ̀n. Bí ìlà náà bá ti di 9.2, ó ti sún kì ní ìdá 8 nínú 100, ìyẹn dára. Bí ó bá sún kì ju 12 lọ, ìkòkò á máa là bó bá ń gbẹ. Àpáàdì lílọ̀ ni oògùn rẹ̀: kílò 1 sí 10 amọ̀. Àwọn ìyá wa tó ń mọ ìkòkò ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Ẹ sá amọ̀ dáadáa, ẹ gún un, kí ẹ fi asẹ́ èlùbọ́ jọ̀ ọ́. Ẹ bo imú. Eruku amọ̀ ní yanrìn tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, kì í sì í hàn lọ́dún kan.

Ohun tí iná máa jẹ

Kò sí ibi tí èyí ti rọrùn tó agbègbè yìí. Àgbówà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó kọ́ ọgbà àwọn onípákó sí, Ìmọ̀tà sì ni ilé iṣẹ́ ìlọ̀ ìrẹsì ńlá tí wọ́n ṣí lọ́dún 2023 wà. Ẹyọ kan ni kí ẹ mú nínú méjèèjì, kí ẹ sì dúró sórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń lo sọ́dọ́ọ̀sì lónìí, tó ń lo èèpo ìrẹsì lọ́la, kò ní rí ìkòkò méjì tó ń jò bákan náà.

Sọ́dọ́ọ̀sì pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán sí kò dára, ti púláíwúùdù náà kò dára, torí gọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀. Ẹ sá a fún ọjọ́ 2, torí ìwọ̀n ni a máa fi pò ó, omi tó bá wà lára rẹ̀ á sì tan yín jẹ. Lẹ́yìn náà, asẹ́ èlùbọ́ kan náà tí ẹ fi jọ amọ̀ ni kí ẹ fi jọ̀ ọ́. Ègé kan péré tó gùn bí èékánná á sun ọ̀nà láti inú ìkòkò dé ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo kòkòrò á sì gba ibẹ̀ kọjá.

Pípo, àti ìdí tí a fi ń fi àwo kékeré dánwò

Ìwọ̀n ìbẹ̀rẹ̀ nìyí: amọ̀ lílọ̀ gbígbẹ kílò 10, sọ́dọ́ọ̀sì kílò 2, omi lítà 4 sí 5. Bí ó bá jẹ́ èèpo ìrẹsì lílọ̀, kílò 3, torí ó wúwo ju sọ́dọ́ọ̀sì lọ, eérú rẹ̀ sì máa ń ṣẹ́kù sínú ìkòkò. Ẹ po àwọn méjèèjì ní gbígbẹ fún ìṣẹ́jú 10 kí omi tó kàn án. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń kánjú. Bí ẹ bá ti bu omi sí i kó tó pò dọ́gba, sọ́dọ́ọ̀sì á dì sójú kan, kò sì ní tú mọ́. Ẹ wọ́n omi sí i díẹ̀díẹ̀, ẹ fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ tàbí kí ẹ fọwọ́ pò ó títí tí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, kí ẹ wá fi ọ̀rá dì í mọ́jú. Kó má ju ọjọ́ 2 lọ o, torí sọ́dọ́ọ̀sì máa ń jẹrà.

Amọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ìwà tirẹ̀, nítorí náà ẹ má ṣe mọ ìkòkò 30 kí ẹ tó mọ̀ bóyá ìwọ̀n yìí bá tiyín mu. Ẹ po oríṣi mẹ́ta: amọ̀ kílò 1 pẹ̀lú sọ́dọ́ọ̀sì gíráàmù 150, 200 àti 250. Ẹ gé páìpù PVC tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10 bí òrùka, kí ẹ tẹ amọ̀ sínú rẹ̀ kó nípọn ní 1.8. Méjì méjì lára oríṣi kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹ bá ti sun wọ́n, ẹ fi sílíkóònù lẹ àwo náà mọ́ ìdí páìpù, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mọ́jú, kí ẹ bu omi sínú páìpù kó ga tó sẹ̀ǹtímítà 21, kí ẹ sì máa fi kún un bó bá ń dínkù. Èyí tó bá kán mílílítà 80 sí 200 ní wákàtí kan, ìkòkò tí ẹ bá fi ìwọ̀n rẹ̀ mọ á jò tó lítà 1 sí 2 àbọ̀.

Àwọn kan á béèrè pé kí ló dé tí a kò kúkú fi àwo pẹrẹsẹ bẹ́ẹ̀ ṣe asẹ́ náà gan-an. Ìṣirò òkè yẹn ti dáhùn: ojú àwo kò tó nǹkan, ìkòkò sì ń fi ògiri àti ìdí rẹ̀ jò. Yàtọ̀ sí èyí, ibi tí wọ́n ti lẹ àwo mọ́ ike ni omi ìdọ̀tí máa ń gbà yọ́ kọjá. Ìkòkò kò nílò lílẹ̀ rárá, ètè rẹ̀ ló ń fi kọ́ sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì.

Mọ́ọ̀dù

Ẹ wọn ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa lò kí ẹ tó ṣe mọ́ọ̀dù, ìyẹn ohun tí a fi ń tẹ amọ̀ di ìkòkò. Fún bọ́kẹ́ẹ̀tì lítà 20, mọ́ọ̀dù tó máa ń bá a mu ni èyí tí ara ìkòkò tútù á fẹ̀ ní 28 lókè, 22 nísàlẹ̀, tí inú rẹ̀ á jìn ní 21, tí ògiri rẹ̀ á nípọn ní 1.8, tí ètè rẹ̀ á sì fẹ̀ dé 33. Sẹ̀ǹtímítà ni gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn iná, ètè á sún kì dé bíi 30, inú rẹ̀ á sì gba bíi lítà 6.

Mọ́ọ̀dù jẹ́ méjì, akọ tó ń wọ inú ìkòkò àti abo tó ń gba ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ sì lè fi sìmẹ́ǹtì ṣe é. Ajórin á bá yín ṣe férémù irin, jáàkì ọkọ̀ akẹ́rù tọ́ọ̀nù 10 sí 20 á sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ọgbọ́n jáàkì yìí kì í ṣe tòní. Fernando Mazariegos, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ Guatemala, ló gbé irú ìkòkò yìí kalẹ̀ lọ́dún 1981. Ron Rivera, amọ̀kòkò ọmọ Amẹ́ríkà, ló wá bá ẹgbẹ́ Potters for Peace gbé e káàkiri ayé. Nídìí iṣẹ́ yìí kan náà ní Nàìjíríà níbí ni ibà ti kọlù ú, òun ló sì pa á lọ́dún 2008.

Ẹ fi ọ̀rá bo akọ, kí ẹ fi ọ̀rá tẹ́ inú abo, kí amọ̀ má bàa lẹ̀. Ẹ wọn amọ̀ kílò 7, ẹ gbá a mọ́lẹ̀ nígbà mẹ́wàá kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ gbé e sáàárín abo, kí ẹ máa fi jáàkì tẹ̀ ẹ́ láì kánjú. Fífi ọwọ́ mọ ọ́n náà ṣeé ṣe, àmọ́ ògiri kì í nípọn bákan náà. Ibi tó bá fẹ́lẹ́ ni omi á máa sáré gbà.

Gbígbẹ

Abẹ́ òrùlé ni, kì í ṣe inú oòrùn. Ètè máa ń gbẹ ṣáájú ìdí, á máa fa ìdí, ìkòkò á sì là láti òkè wá. Ẹ fi ọ̀rá bo ètè ní ọjọ́ 3 àkọ́kọ́, kí ẹ wá yí i dojú dé. Ọjọ́ 7 sí 10 tó ní ìgbà ẹ̀rùn. Lásìkò òjò, láàárín oṣù kẹrin sí ìkeje, ó lè tó ọjọ́ 18. Tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, ẹ ti fèrèsé. Ẹ fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan ìdí rẹ̀: bó bá ṣì tutù, omi ṣì wà nínú rẹ̀.

Sísun

Iná gbalasa tí a fi ń sun ìkòkò ọbẹ̀ kò tó fún èyí. Ẹ̀gbẹ́ kan á jóná, ìkejì á wà ní tútù, ìkòkò méjì tí ẹ sun pa pọ̀ kò sì ní jò bákan náà. Ẹ kọ́ ààrò bíríkì: ibi ìdáná nísàlẹ̀, ilẹ̀ oníhò lókè rẹ̀, yàrá tó fẹ̀ ní mítà kan níbùú lóròó tó sì ga díẹ̀ ju mítà kan lọ, àti ojú èéfín lókè. Ìkòkò 27 á wọ̀ ọ́, 9 ní ìpele kan. Ẹrẹ̀ ni kí ẹ fi mọ bíríkì pọ̀, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì, torí iná máa ń fọ́ sìmẹ́ǹtì. Ẹ dá ihò ìyọjúwò sí ara ògiri, kí ẹ fi àpáàdì kan síbi tí ẹ ó ti máa rí i láti ibẹ̀. Lórí rẹ̀, ẹ fi ègé ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù kan àti iyọ̀ ìsebẹ̀ ṣíbí kan. Àwọn wọ̀nyí ni aago ìgbóná yín. Alumíníọ́ọ̀mù máa ń yọ́ ní 660°C, iyọ̀ ní 801°C. Ẹni tó bá rí kóònù 012, ìyẹn ègé amọ̀ ṣóńṣó tó máa ń tẹ̀ bí iná bá gbóná tó, rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ amọ̀kòkò, ó sàn jù: á tẹ̀ ní bíi 870°C, ibi tí a ń lọ gan-an nìyẹn.

Wákàtí 2 àkọ́kọ́, iná wẹ́wẹ́ ní ẹnu ààrò, kó má wọlé rárá. Omi tó kù nínú amọ̀ ni a ń lé. Bí ẹ bá kánjú níbí, ẹ ó gbọ́ ọ: gbàù, ìkòkò ti bẹ́. Ẹ di dígí mú sẹ́nu ojú èéfín fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀; bó bá ṣì ń lágùn, ẹ dúró. Lẹ́yìn náà, ẹ ti iná wọlé díẹ̀díẹ̀, kí ìgbóná máa fi bíi 100°C gòkè ní wákàtí kan.

Láàárín 400 sí 600 ni iṣẹ́ wà. Sọ́dọ́ọ̀sì inú ìkòkò ti ń jó fúnra rẹ̀ nígbà yìí, èéfín á sì nípọn. Ẹ ṣí ojú èéfín sílẹ̀ gbayawu, kí ẹ dín igi kù, kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí ẹ sì fún un ní odidi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ títí èéfín á fi mọ́. Bí ẹ bá ki igi bọ̀ ọ́ nítorí pé ó ń pẹ́, ojú ìkòkò á pupa, àárín ògiri rẹ̀ á sì dúdú bí èédú. Èédú yẹn ló dí ihò. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ máa ń rẹwà, kì í sì í jò. Bí ìgbóná bá ń kọjá 573°C, yanrìn inú amọ̀ máa ń wú lójijì, nítorí náà ẹ má ṣe sáré níbẹ̀, ì báà jẹ́ nígbà tí ẹ ń lọ tàbí nígbà tí ààrò ń tutù.

Nígbà tí alumíníọ́ọ̀mù bá ti rọ̀, ẹ lè máa kó igi sí i dáadáa. Èèpo àgbọn gbígbẹ ń jó kíkankíkan, ó sì dára fún ìparí. Nígbà tí iyọ̀ bá di omi, ẹ tún fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 gbé iná náà sókè, kí ẹ dì í mú síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ wá di gbogbo ẹnu ààrò. Kò gbọ́dọ̀ dé 1000°C, torí amọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ mọ́ra, ihò á sì padé. Bí kò bá sì tó 750, omi á máa fọ̀ ọ́ di ẹrẹ̀ padà. Ẹ má ṣí i títí di ọjọ́ kejì. Atẹ́gùn tútù tó bá kan ìkòkò gbígbóná máa ń là á ní ìlà tín-ín-rín tí ojú kò rí.

Ìdánwò: ibi tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣojo

Ẹ fi ìka kan ìkòkò. Èyí tó dára á dún gbọnrangandan bí agogo. Èyí tó là á dún pàkàpàkà. Ẹ fọ́ ẹyọ kan nínú iná kọ̀ọ̀kan kí ẹ wo àárín ògiri rẹ̀.

Ẹ rẹ àwọn tó kù sínú dúrọ́ọ̀mù omi fún wákàtí 24. Lẹ́yìn náà, ẹ yí ìkòkò dojú dé, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ inú omi ní gbọọrọ. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa wá ọ̀nà jáde. Bí ìfóòfó bá ń tò jáde lójú kan ṣoṣo, ó là níbẹ̀, ẹ sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ẹ wá gbé e kọ́ sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ bu omi kún un dé ẹnu, ẹ wo aago. Lẹ́yìn wákàtí kan gééré, ẹ wọn omi tó jò. Kò tó lítà 1? Bí àárín rẹ̀ bá dúdú, ẹ dá a padà sínú iná. Bí kò bá dúdú, sọ́dọ́ọ̀sì kò tó. Láàárín 1 sí 2 àbọ̀, ó yege. Ju 2 àbọ̀ lọ, ẹ fọ́ ọ. Èyí ni àwọn oníṣẹ́ kì í fẹ́ gbọ́, torí ìkòkò tó ń yára ni oníbàárà máa ń fẹ́ràn jù. Ṣùgbọ́n èyí tó ń yára jù ń da omi kọjá ni, kò sẹ́ ẹ. Kò sófò níbẹ̀: àpáàdì ni, ẹ lọ̀ ọ́ sínú amọ̀ tó ń bọ̀.

Láti inú ìsun kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé omi tí ìkòkò kan ti sẹ́ lọ sí yàrá àyẹ̀wò. Ohun tí ẹ ń wá ni kí kòkòrò E. coli, èyí tó ń fi hàn pé ìgbẹ́ ti kan omi, má sí rárá nínú mílílítà 100.

Ní ti sílífà olómi, ìyẹn fàdákà wínníwínní inú omi, tí àwọn ilé iṣẹ́ kan máa ń kùn sára ìkòkò, nǹkan bíi mílílítà 2 ti èyí tó jẹ́ ìdá 3.2 nínú 100, tí wọ́n pò mọ́ omi mílílítà 300, ló tó ìkòkò kan. Ó ń dí kòkòrò lọ́wọ́ kó má bàa hù sínú ògiri. Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ má ṣe ra ayédèrú. Ìkòkò tí wọ́n sun dáadáa ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, sísè omi tàbí kiloríìnì nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ìsàlẹ̀ sì lè bójú tó èyí tó kù.

Nínú ilé

Bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́sítádì lítà 20 tó ní ọmọrí ló dára, kì í ṣe ti ọ̀dà. Ẹ lu ihò táàpù ní sẹ̀ǹtímítà 4 sókè ìdí rẹ̀, kí ẹ fi rọ́bà sí tinú tìta. Ẹ da omi tó bá kọ́kọ́ jò ní ẹ̀ẹ̀mẹta nù. Á ní adùn amọ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹ máa kún un láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, lítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ á tẹ̀ yín lọ́wọ́ lójúmọ́. Ẹ má jẹ́ kí omi ìsàlẹ̀ ga débi tó máa kan ìdí ìkòkò, torí jíjò á dáwọ́ dúró.

Omi tó pọ́n ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ẹ fà á sínú dúrọ́ọ̀mù, kí ẹ fi igbá bù ú ró láti òkè ní ìgbà bíi mélòó kan kí afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, kó wà mọ́jú, kí ẹ wá bu tòkè, kí ẹ fi aṣọ funfun sẹ́ ẹ kó tó wọ ìkòkò.

Bí jíjò bá falẹ̀, ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì rírọ̀ fọ inú nìkan, pẹ̀lú omi tí ó ti sẹ́ tẹ́lẹ̀. Ọṣẹ kò gbọ́dọ̀ kàn án: á wọ inú ihò, kò sì ní jáde. Kànrìnkànrìn irin á gé ojú rẹ̀. Ẹ̀yìn ìkòkò ni ẹ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn rárá. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e kalẹ̀, orí ọmọrí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó mọ́ ni, torí ibi tó bá kan ilẹ̀ ni omi mímu á ti máa kán. Bọ́kẹ́ẹ̀tì ní tirẹ̀, ẹ máa fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ fi omi tó ti sẹ́ ṣàn án.

Ìkòkò tí wọ́n ń tọ́jú báyìí á lo ọdún 2 sí 3. Bí fífọ̀ kò bá mú un jò tó lítà kan ní wákàtí mọ́, tàbí tí ó ṣàdéédéé bẹ̀rẹ̀ sí í yára, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi bíi ti ìjọ́sí kí ẹ wo ibi tí ìfóòfó ti ń jáde.